Láti Wọ́ọ̀dù Ìgbẹ̀bí Dé Ilé Ìkàwé Orí Fóònù: Ìtọ́sọ́nà fún Agbẹ̀bí, Nọ́ọ̀sì àti Olùtọ́jú Ọmọ Tuntun

Aago méjì òru ni. Obìnrin kan ti bímọ láti bíi wákàtí mẹ́rin sẹ́yìn, olóbì ti jáde, ẹ̀jẹ̀ ti dá, àfi bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Nọ́ọ̀sì kan ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Èkejì ní àkókò abẹ́rẹ́ yẹn ti kọjá. Ẹni kẹta ti gbé ìbéèrè náà sórí WhatsApp àwọn ọmọ kíláàsì wọn, ìdáhùn márùn-ún sì ti wọlé kíá: ẹni méjì ní kí wọ́n fún un, ẹni méjì ní kí wọ́n má dán an wò, ẹnì kan fi àdúrà ránṣẹ́.

Kí n ti sọ ọ́ kó yé wa: nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, kì í ṣe ìgbà ìwé kíkà. Ìlànà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù, ọwọ́ tó mọṣẹ́ àti dókítà tí ẹ pè ló ń gbani nígbà yẹn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ti ilé ìkàwé, nígbà tí ara bá ti balẹ̀, tí ẹ wá bi ara yín pé, "Ta ló jàre nínú wa lálẹ́ àná?" Ìjà òru yẹn náà ni n óò máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì, dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ) ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá. Fóònù tó lè ṣí ìkànnì ti tó. Ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ dárúkọ, àyàfi níbi tí mo bá ti sọ pé owó wà níbẹ̀.

Igbésẹ̀ 1: Ẹ tú ìbéèrè náà palẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù

Inú ìbéèrè ni àwárí ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹni tó bá kọ "bleeding after delivery" sínú Google, ìpolówó páàdì ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: Ta ni aláìsàn? Kí la fẹ́ ṣe fún un? Kí la fẹ́ fi wé e? Kí la ń retí? Tiwa á wá rí báyìí: obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tranexamic acid, kí wọ́n fún un kí wákàtí mẹ́ta tó pé tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ṣé yóò yè.

Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, torí Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ilé ìkàwé yìí gbọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú, nítorí ọ̀rọ̀ àìsàn lédè Yorùbá máa ń gbé ju ẹrù kan lọ. Ẹ wo "gìrì". Bó bá mú aláboyún tí ìfúnpá rẹ̀ ga, eclampsia lẹ ń wá. Bó bá mú ọmọ ọdún méjì tí ibà ń ṣe, febrile convulsion ni. Bó bá mú ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, neonatal seizure ni, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. "Ibà pọ́njú" náà ń kọ́? Ìyá á lò ó fún ojú ọmọ tuntun tó pọ́n, àgbàlagbà á lò ó fún ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Bí ẹ bá fi yellow fever wá ohun tó yẹ kí ẹ fi neonatal jaundice wá, ẹ ó kàn máa ka ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun mìíràn ni pé Gẹ̀ẹ́sì gan-an pín sí méjì. Àwọn ará Britain ń kọ haemorrhage, paediatric àti anaemia. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ hemorrhage, pediatric àti anemia. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé yín, kí ẹ sì gbìyànjú èkejì bí àkọ́kọ́ kò bá mú nǹkan jáde.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbo ni, orúkọ tí onímọ̀ ewéko ń pe ewé náà ni kí ẹ lò. Ewúro ni Vernonia amygdalina, efinrin ni Ocimum gratissimum. Bí ìyá ọmọ bá ní omi ewúro lòun ń mu kí ọmú lè wá, bitter leaf kò ní gbé yín dé ibi tí orúkọ gígùn yẹn á gbé yín dé.

Igbésẹ̀ 2: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlànà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò sórí ìwádìí tuntun tí wọ́n rí lánàá. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan ṣoṣo kò tó láti yí ìtọ́jú padà. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn tó ti ka gbogbo ìwádìí tán fẹnu kò lé lórí.

Ibi tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ń kó ìwé tirẹ̀ sí ni IRIS, ní iris.who.int. Ẹ kọ postpartum haemorrhage síbẹ̀, pẹ̀lú a àti e, torí bí WHO ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ wá tò ó kí èyí tó jáde kẹ́yìn wà lókè. Ẹ óò rí ìmọ̀ràn ọdún 2017 lórí tranexamic acid: gíráàmù 1 sínú iṣan láàrin ìṣẹ́jú 10, kó tó pé wákàtí mẹ́ta tí obìnrin náà bímọ, kí wọ́n tún un fún un lẹ́ẹ̀kejì bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 tàbí bó bá tún bẹ̀rẹ̀ láàrin wákàtí 24. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, wọn kò fọwọ́ sí i pé kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kejì ló jàre. Wákàtí mẹ́rin ti pọ̀ jù.

Ẹ má tíì pa fóònù. Ní oṣù October 2025, WHO, FIGO (ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìgbẹ̀bí àgbáyé) àti ICM (ẹgbẹ́ àwọn agbẹ̀bí àgbáyé) gbé ìlànà tuntun jáde lórí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tó mílílítà 500 la máa ń pariwo. Èyí tuntun ní bó bá ti tó 300, tí ìfúnpá tàbí ìlùkìkì ọkàn obìnrin náà kò sì rí bó ṣe yẹ, kí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó fi PDF àtijọ́ sórí fóònù yóò ṣì máa retí 500.

Bó ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú ìrọbí. Páátógíráàfù, fọ́ọ̀mù tí a fi ń tọpa ìrọbí, tí wọ́n kọ́ àwa àgbà sọ pé ìrọbí gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Ìlànà WHO ti ọdún 2018 sọ ọ́ di márùn-ún, fọ́ọ̀mù tuntun tó tẹ̀lé e, Labour Care Guide, sì jáde ní 2020. Ìtọ́jú oyún náà kúrò ní ìgbà mẹ́rin, ó di ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ láti 2016. Nítorí náà, ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lára ìwé èyíkéyìí tí ẹ bá ṣí, kí ẹ tó ka orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Igbésẹ̀ 3: Cochrane, ilé tí agbẹ̀bí kọ́kọ́ sun

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí tiwa ni ilé yìí ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1979, dókítà Archie Cochrane bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀ka ìṣègùn tó ń gbẹ̀bí: ó ní nínú gbogbo ẹ̀ka, àwọn ló gbẹ̀yìn nínú fífi ẹ̀rí ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n. Iain Chalmers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford kó gbogbo ìwádìí nípa oyún àti ìbímọ jọ, inú iṣẹ́ yẹn sì ni ilé iṣẹ́ Cochrane, tó ń kó gbogbo ìwádìí lórí ìbéèrè kan jọ yẹ̀ wò, ti jáde ní 1993.

Ẹ wo àmì wọn, ilà kéékèèké inú òbìrìkítí yẹn. Ilà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìwádìí kan, méje ni wọ́n, lórí abẹ́rẹ́ corticosteroid tí a ń fún aláboyún tí oyún rẹ̀ fẹ́ bọ́ kó tó pé oṣù, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè lágbára. Àkọ́kọ́ nínú wọn, ti Liggins àti Howie ní New Zealand, ti jáde láti 1972. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sẹ́ni tó kó wọn jọ wò pọ̀, ọmọ sì ń kú.

Ní cochranelibrary.com, ẹ kọ tranexamic acid postpartum. Àtúnyẹ̀wò ọdún 2018 wà níbẹ̀. Bí ojú ìwé náà bá pọ̀ jù, ẹ lọ tààrà síbi tí wọ́n pè ní Plain language summary. Ó kúrú, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé. Ní ti odidi àtúnyẹ̀wò, àwọn tuntun máa ń fẹ́ owó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù 12 ọ̀pọ̀ wọn á di ọ̀fẹ́.

Bí ẹ bá ń ka Cochrane, ẹ máa bi í pé níbo ni wọ́n ti ṣe ìwádìí wọ̀nyí. Corticosteroid yẹn náà ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní 2015, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ACT gbé abẹ́rẹ́ náà lọ sí àwọn agbègbè tí ilé ìwòsàn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà. Ikú ọmọ tuntun kò dín kù láàrin àwọn ọmọ tó kéré, ó tilẹ̀ pọ̀ sí i lápapọ̀. Nígbà tó di 2020, ìwádìí ACTION-I, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, lò ó ní ilé ìwòsàn tó ní ìtọ́jú ọmọ tó péye, tí wọ́n sì mọ iye ọ̀sẹ̀ oyún dájú. Níbẹ̀ ló ti gba ọmọ là. Abẹ́rẹ́ kan náà ni o.

Igbésẹ̀ 4: PubMed, níbi tí ẹ ti ń wá ìwádìí fúnra yín

Ilé ìkàwé ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda ló ni PubMed. Ó ti ní ju 36 mílíọ̀nù àkọsílẹ̀ lọ. Kì í jẹ dátà, torí ọ̀rọ̀ lásán ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ kọ èyí sínú àpótí rẹ̀:

tranexamic acid AND postpartum hemorrhage

Lẹ́tà ńlá ni AND gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, kò ní dá a mọ̀ bí àṣẹ. AND ń dín èsì kù, OR ń sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ má sì tètè fi àmì ẹnu ọ̀rọ̀ yí gbólóhùn ká. PubMed fúnra rẹ̀ máa ń bá yín wá orúkọ mìíràn tí ohun náà ń jẹ́. Ní kété tí ẹ bá ti fi àmì yẹn sí i, ó dẹ́kun ìrànlọ́wọ́ náà, ohun tí ẹ kọ gan-an nìkan ni yóò sì wá. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó sunkún pé "kò sí ìwádìí lórí kókó mi", àmì ẹnu ọ̀rọ̀ méjì péré ló fa ẹkún.

Èsì á pọ̀. Ẹ tẹ Filters. Ẹ mú Systematic Review (àtúnyẹ̀wò tó kó gbogbo ìwádìí jọ) bí àkókò kò bá sí, kí ẹ mú Free full text bí owó kò bá sí. Ìkejì yìí ní ewu: ó lè gbé ìwádìí tó ṣe pàtàkì jù pa mọ́ nítorí pé kò sí ní ọ̀fẹ́. Èmi máa ń wá a láìsí i ná, kí n mọ ohun tó wà, kí n tó wá ọ̀nà láti rí i kà.

Fún ìbéèrè wa, ìwádìí WOMAN á jáde: Lancet, 2017, obìnrin 20,060, ilé ìwòsàn 193, orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Láàrin àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kí wákàtí mẹ́ta tó pé, ẹ̀jẹ̀ yíya pa 1.2%, láàrin àwọn tí a fún ní omi lásán, 1.7%. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, kò sí àǹfààní. Báyìí ẹ ti mọ ibi tí wákàtí mẹ́ta inú ìlànà WHO ti wá, kì í ṣe pé ẹnì kan kàn mú un láti inú afẹ́fẹ́.

Ẹ wá fi AND Nigeria kún un. Ohun tó kan wọ́ọ̀dù tiwa á jáde. Níbẹ̀ lẹ ó ti bá E-MOTIVE pàdé, tó jáde ní 2023 láti ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania. Ọ̀rá tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìdí obìnrin láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó jáde, wọ́n sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú pa pọ̀ dípò kí wọ́n máa fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyà tó ń tẹ̀yìn ẹ̀jẹ̀ yíya jáde, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ lápọ̀jù, iṣẹ́ abẹ àti ikú, dín kù ní 60%.

Bí ẹ bá rí PMC (PubMed Central, àkójọ odidi ìwé ọ̀fẹ́) lára àbájáde, odidi ìwé náà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá sí, ẹ wo ímeèlì òǹkọ̀wé, kí ẹ kọ̀wé sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí máa ń dáhùn. Inú wọn ń dùn pé ẹnì kan fẹ́ ka iṣẹ́ wọn.

Igbésẹ̀ 5: Hinari, ìlẹ̀kùn tó ṣeé ṣe kí ilé ìwòsàn yín ti ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Láti 2002 ni WHO àti àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá ti ṣí Hinari fún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, lábẹ́ Research4Life. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ́nà olówó ńlá ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ń forúkọ sílẹ̀, pásíwọọ̀dù á sì wà lọ́wọ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan ń san owó lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ń san án.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí pásíwọọ̀dù wà nínú dúrọ́ọ̀ kan, tí àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù sì ń fi owó ara wọn ra àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ wọ ilé ìkàwé lọ. Ẹ bi màdáámù tó wà níbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé a ní Hinari?" Bó bá ní òun kò mọ̀, orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ti wọlé wà lórí ìkànnì Research4Life, ẹ jọ wò ó. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, ọ̀gá yín ló lè béèrè fún un.

Igbésẹ̀ 6: Àwọn àpótí kéékèèké tí ẹ ó máa lò lójoojúmọ́

LactMed ni mo fẹ́ràn jù. Láti 2006 ló ti ń dáhùn ìbéèrè tí ìyá ọmọ ń bi yín lójoojúmọ́: "Nọ́ọ̀sì, ṣé mo lè máa fún un lọ́mú bí mo ṣe ń lo oògùn yìí?" Orí NCBI Bookshelf, àkójọ ìwé ọ̀fẹ́ ti àwọn tó ni PubMed, ló wà báyìí. Orúkọ gidi oògùn ni kí ẹ kọ, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un. Bó bá jẹ́ Flagyl, metronidazole ni ẹ óò wá. Á sọ iye tó ń wọ inú omi ọmú, ohun tí wọ́n ti rí lára ọmọ, bó ṣe ń ṣe omi ọmú fúnra rẹ̀, àti oògùn mìíràn tí ẹ lè lò dípò rẹ̀.

AJOL (African Journals Online) bẹ̀rẹ̀ ní 1998, South Africa ló wà báyìí, jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà ló kó jọ. African Journal of Reproductive Health tí wọ́n ń tẹ̀ ní Benin City wà níbẹ̀, Nigerian Journal of Paediatrics náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ìdí tí aláboyún ní àdúgbò yín fi ń yẹra fún ilé ìwòsàn, ibẹ̀ lẹ ó ti rí i, kì í ṣe nínú ìwé Boston.

Fún ẹni tó ń kọ́ ọmọṣẹ́, fídíò àwọn Global Health Media Project dára gan-an. Bí a ṣe ń gbé ọmọ sí ọmú àti bí a ṣe ń ran ọmọ tí kò mí lọ́wọ́ wà níbẹ̀, ẹ sì lè gbà á sórí fóònù. Safe Delivery App ti Maternity Foundation ní Denmark náà ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀ tán. Ìwé ìlànà àwọn dókítà MSF (Doctors Without Borders) lórí ìgbẹ̀bí àti ọmọ tuntun náà ní áàpù. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà níbi tí wáìfáì wà. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé yín lọ sí abúlé tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí.

Igbésẹ̀ 7: Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú

Jọ́nà kan á kọ̀wé sí yín pé "Dear Professor", nígbà tí ẹ ṣì wà ní ọdún kejì. Wọ́n á ní àwọn á tẹ iṣẹ́ yín jáde láàrin ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ ṣáà san owó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo mọ̀ san án. Ìkànnì náà pòórá kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Kí ẹ tó gba jọ́nà kan gbọ́, ẹ wò ó bóyá ó wà nínú DOAJ, àkójọ orúkọ àwọn jọ́nà ọ̀fẹ́ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, bó bá ní ọ̀fẹ́ lòun, kí ẹ sì wo àwọn tó jẹ́ olótùú rẹ̀.

Èyí tó tún pọ̀ ju tàtijọ́ lọ ni ìwé tí kò sí láyé. Bí ẹ bá bi ẹ̀rọ AI tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn léèrè, ó lè dá orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti jọ́nà sílẹ̀, tó dùn-ún gbọ́, tí kò sí ìkankan níbẹ̀. Ẹ gbé àkọlé náà wọ PubMed. Ìwádìí ìṣègùn tó bá wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí a ń pè ní PMID. Bó bá jẹ́ pé kò sí níbẹ̀, kò sí ní AJOL, kò sì sí ní ìkànnì jọ́nà náà, ẹ má kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín, ká má tíì wá sọ pé kí ẹ fi tọ́jú ènìyàn.

Igbésẹ̀ 8: Ẹ gbé e padà sí wọ́ọ̀dù

Bí ẹ bá ń fi PDF pamọ́, ẹ má fi orúkọ tó bá wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, "download(7)" kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọdún ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ẹni tó ni ín tẹ̀lé e, kí kókó rẹ̀ wá kẹ́yìn: 2025 WHO eje leyin ibi. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ti gbó á máa fi ara rẹ̀ hàn. Zotero, áàpù tó ń to ìwé tí a kà lẹ́sẹẹsẹ, dára fún ẹni tó ń kọ iṣẹ́ gígùn.

Ẹ tún lè ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́ lórí PubMed, kí ẹ sọ fún un pé kó máa fi ohun tuntun ránṣẹ́ sí ímeèlì yín lórí kókó kan. Kókó méjì ti tó. Ẹni tó bá mú ogún kò ní ka ìkankan.

Nísinsìnyí, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sí ojú ìwé kan ṣoṣo, pẹ̀lú lẹ́tà tí ènìyàn lè rí láti ìdí béèdì: ìgbà wo ni kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òṣùwọ̀n oògùn, wákàtí mẹ́ta, orúkọ ìlànà tí ẹ ti rí i àti ọdún rẹ̀. Ẹ fi han ọ̀gá wọ́ọ̀dù àti dókítà kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oògùn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ óò tún un yẹ̀ wò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.